Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n àti Iṣẹ́ Akọ̀wé ní Ìlú Ìwó

Àwọn àgbà ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà, kí ó wo bí iṣẹ́ ìwé kíkọ ti ń yí padà ní ìlú Ìwó, Ìwó Olódò Ọbà, ìlú odídẹrẹ́, ìlú àwọn àlùfáà tí kálámù kò tí ì kúrò lọ́wọ́ wọn láti ayé Olúwòó Lámúyè, ọba tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí lórí oyè náà, títí di òní olónìí. Orí wàláà ni ọmọ kéú ti kọ́kọ́ ń fi tàdáwà kọ lẹ́tà ní ìlú yìí. Ìwé àwọn òyìnbó dé pẹ̀lú gègé irin àti yíǹkì. Tàípúráítà tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà lé tàípúráítà wọ inú àkòdì. Nísinsìnyí ẹ̀rọ mìíràn tún ti wọ̀lú, èyí tí a lè bá sọ̀rọ̀ kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí a lè fi àwòrán ìwé hàn kí ó kà á, tí a sì lè ní kí ó bá wa kọ lẹ́tà sí ìjọba, kí ó sì kọ ọ́ parí kí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ tó mí kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa pè é ní AI, àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá a sì máa pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yìí ti ń wọ inú iṣẹ́ àwọn tí ń fi ìwé títẹ̀ jẹun, ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wọn, àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Kí a tó lè mọ ohun tí ẹ̀rọ ń gbà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó yẹ kí a mọ ohun tí akọ̀wé ń ṣe gan-an. Ní ayé ìjọba òyìnbó, ẹni tí wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí owó orí bá wọ̀ lọ́rùn, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní ìlú òkèèrè tí kò sì gbúròó rẹ̀, kò ní ibòmíràn tí yóò gbà lọ ju ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí ó gbé tábìlì rẹ̀ sí ìtòsí kọ́ọ̀tù tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́. Yóò jókòó, yóò rojọ́ ní Yorùbá, akọ̀wé yóò sì sọ ẹjọ́ náà di Gẹ̀ẹ́sì tí ajẹ́lẹ̀ lè kà. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìmọ̀wé ẹlòmíràn rẹ́ ẹ jẹ, ìjọba gbé òfin kan kalẹ̀ ní ọdún 1915 láti dáàbò bo àwọn aláìmọ̀wé. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ìwé fún aláìmọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó sì kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú. Ó tún ní bí ó bá ti kọ orúkọ náà, ó ti jẹ́rìí nìyẹn pé ohun tí oníwèé rán òun gẹ́lẹ́ ni òun kọ, àti pé kí oníwèé tó tẹ ìka, òun ti ka ìwé náà sí i létí, òun sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nípa báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ akọ̀wé ti ní apá méjì: iṣẹ́ ìka, tí ń fi ọ̀rọ̀ sórí tákàdá, àti iṣẹ́ ẹ̀rí, tí ń dúró fún ọ̀rọ̀ náà níwájú ìjọba àti níwájú aráyé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí sọnù lọ́wọ́ yín, nítorí òun ni òpó tí àlàyé mi dúró lé.

Ní ọdún 1874 ni ilé iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà gbé tàípúráítà tí Christopher Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sí ọjà, nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì dé ilẹ̀ wa, iṣẹ́ ìka di iṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi aṣọ bo ojú ẹ̀rọ kí ó má baà máa wo lẹ́tà, yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Yóò kọ́ ìkọ̀wé kíákíá ti Pitman, yóò sì kọ́ bí a ti ń fi káábọ̀n sí àárín tákàdá kí ìwé kan lè di mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé ni ó ń tẹ̀, orí pépà sitẹ́ńsù ni, níbi tí àṣìṣe kan ṣoṣo ti ń gba pé kí a fi oje àtúnṣe kùn ún, kí a dúró kí ó gbẹ, kí a tó tún un tẹ̀. Ìwé Yorùbá ni ó sì ń gba sùúrù jù lọ, nítorí pé ẹ̀rọ tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Atẹ̀wé yóò tẹ e, yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n lẹ́tà kan, yóò yí igi róbà tí ó gbé tákàdá díẹ̀, yóò wá tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ lẹ́tà náà; bí ó bá sì tẹ ojú ìwé náà tán, yóò fa tákàdá yọ, yóò mú bírò, yóò máa fi àmì ohùn sórí àwọn ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí bí kò ṣe ní mọ Yorùbá kọ ju ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá fún un lọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn kan ti ń múra àtisìnkú iṣẹ́ atẹ̀wé, ṣùgbọ́n ńṣe ni iṣẹ́ náà tún gbòòrò sí i. Ilé ìtàípù di bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà; fọ́tókọ́pì wọ inú rẹ̀, làmínéètì wọ inú rẹ̀, àti ìwé dídì onírin yíyípo, àti àwòrán pásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí Yunifásítì Bowen, èyí tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 2001, fìdí kalẹ̀ sí orí ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi ti wà tẹ́lẹ̀ ní Ìwó, iṣẹ́ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún kún èyí tí ó ń wá láti kọ́ọ̀tù, láti sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti láti ilé onínàáwó tí ń fẹ́ ìwé ìpè fún yìgì àti wòlímọ̀. Àwọn ìgbì kan sì ti kọlu iṣẹ́ náà kí ti òní tó dé: láti ọdún 2017 tí JAMB, àjọ tí ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ti ní ibùdó ìdánwò tí òun fọwọ́ sí nìkan ni kí olùdíje ti máa forúkọ sílẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ tí ń wọ àpò àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké lọ́dọọdún ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kò bá iṣẹ́ yìí ní ìdúró digbí. Ó bá a níbi tí ó ti ń fò láti ẹ̀ka kan sí òmíràn.

Ó yẹ kí a wá wo bí iṣẹ́ kan ti ń rìn láti ọwọ́ oníbàárà títí ó fi di ìwé dídì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá yóò gbé ìdìpọ̀ tákàdá tí ó fi ọwọ́ kọ wá. Atẹ̀wé yóò yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé náà wò kí ó tó dá owó lé e, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé tí ó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ a máa gba àkókò ju èyí tí ó já gaara lọ. Yóò tẹ̀ ẹ́. Yóò yọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé e lọ fún olùkọ́ rẹ̀, yóò sì gbé e padà pẹ̀lú yíǹkì pupa káàkiri. Atẹ̀wé yóò ṣe àtúnṣe, yóò to orí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ojú ìwé, yóò tẹ ẹ̀dà ìkẹyìn, yóò sì dì í. Nínú ìrìn yìí, bí a bá yọ yíyọ ìwé jáde àti dídì rẹ̀ kúrò, kò sí ibùsọ̀ kan tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kò tí ì fẹsẹ̀ tẹ̀. Fóònù lè ya àwòrán ojú ìwé kan kí ó sì sọ ọ́ di lẹ́tà títẹ̀; ẹni tí kò fẹ́ kọ rárá lè máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí fóònù kí ó máa tẹ̀ ẹ́; ẹ̀rọ lè ṣe àtúnṣe Gẹ̀ẹ́sì, ó lè to orí ọ̀rọ̀, ó lè ké ìwé ogún ojú kù sí ojú kan. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ OpenAI sì ti gbé ChatGPT síta ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọwọ́ kọ nǹkan kan mọ́: inú fóònù ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, inú fóònù náà ni ó parí sí, orí WhatsApp ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó ń gba owó títẹ̀ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, owó yíyọ ìwé jáde àti owó dídì nìkan ni ó kù tí yóò gbà.

Báwo ni ẹ̀rọ tí kò ní ọpọlọ ti ń kọ lẹ́tà? Àwọn tí ó ṣe é kó ìwé tí ó pọ̀ ju ohun tí ènìyàn kan lè kà láyé mẹ́wàá lọ, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ohun kan tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ báyìí bá ti jáde, ọ̀rọ̀ wo ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e? Ẹ̀rọ náà ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ yìí lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ títí lẹ́tà yóò fi parí. Ọmọ Ìwó kò ṣàjèjì sí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí odídẹrẹ́ lè kí àlejò káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì bèèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ rẹ̀, láìmọ̀ bóyá àlejò náà wá ṣọdún ni tàbí ó wá ṣọ̀fọ̀. Ní ọdún 2021, àwọn ọ̀mọ̀wé kan, tí Emily Bender àti Timnit Gebru wà lára wọn, fi odídẹrẹ́ gan-an wé irú ẹ̀rọ yìí nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ, wọ́n ní ó ń so ọ̀rọ̀ tí ó ti gbọ́ pọ̀ láìsí ìtumọ̀ níbẹ̀.

Nítorí pé ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni ó ń wá, tí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ náà a máa purọ́ láìmọ̀ pé irọ́ ni, a sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán gbinrin gbé irọ́ náà kalẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí àwọn agbẹjọ́rò kan san ìtanràn 5,000 dọ́là, nítorí pé wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí kò sí ẹni tí ó ṣe wọn rí láyé, ChatGPT ni ó hun wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù kìlọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò níbẹ̀ nítorí irú ọ̀ràn kan náà. Ohun tí ó yẹ kí akọ̀wé Ìwó rí dì mú níbẹ̀ ni pé kò sí adájọ́ tí ó pe ẹ̀rọ wá síwájú ara rẹ̀. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n pè. Láti ọdún 1915 títí di òní, ibi tí orúkọ bá wà ni òfin ń wò.

Ti èdè Yorùbá tún yàtọ̀. Ìwé Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú èyí tí ó sì wà níbẹ̀ ni a kọ láìfi àmì sí. Láti oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ògbufọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti ń ṣe wàhálà bí ẹ̀rọ yóò ti máa gbọ́ ohùn Yorùbá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 sì ni ìjọba àpapọ̀ ṣí aṣọ lójú N-ATLAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà kọ́. Ìlọsíwájú ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ìwé ìpè ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, kí ó má ṣe gbé e lọ fún onítẹ̀wé kí ó tó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ìlú má baà di ìlù, kí ìgbà má sì baà di igbá. Ìka atẹ̀wé tí ó ti fi bírò to àmì ohùn rí ni yóò tètè rí àléébù náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ẹ̀rí ti hàn jù lọ ni ọ̀ràn àwọn tí kò mọ̀wé, tí wọn kò sì tán láwùjọ wa. Ẹ jẹ́ kí a ro ti opó kan tí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí ó fi ọ̀rá wé ìwé ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí ó ti di olóògbé, tí ó sì ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀rọ, lẹ́tà tí ó dára, tí ó kún fún ọ̀wọ̀, tí kò ní àṣìṣe kan, ni yóò gbé jáde. Akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tí ì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Yóò kọ́kọ́ tú ìwé inú ọ̀rá náà sílẹ̀, yóò tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ wo ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́: ‘Ganiyu’ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn, ‘Ganiu’ ni báńkì kọ. Bí a bá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ báyìí, wọn á dá a padà ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ẹnìkan náà ni wọ́n, kí ẹ gba ìwé rẹ̀, ká tó kọ lẹ́tà.” Màmá yóò ní, “Háà, ọmọ mi, èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o,” yóò sì gbọ̀nà kọ́ọ̀tù lọ. Lẹ́tà kan kan kò tí ì jáde, síbẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé tí ó níye lórí jù ti parí. Ẹ̀rọ kò bi í ní ìbéèrè yẹn nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìwé méjì wà nínú ọ̀rá. Opó náà kò sọ ọ́ nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ ní sísọ. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ń jẹ́ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti rán an, akọ̀wé ni ó ń fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí rò pé ewu kò sí. Nínú ìwádìí tí Àjọ Iṣẹ́ Lágbàáyé gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n rí i pé nínú gbogbo irú iṣẹ́ tí àwọn yẹ̀ wò, iṣẹ́ akọ̀wé ni ó súnmọ́ ẹnu ẹ̀rọ jù lọ: nínú 100 ohun tí akọ̀wé ń ṣe, nǹkan bí 24 ni ẹ̀rọ náà lè ṣe ní pàtàkì, ó sì lè ṣe 58 mìíràn dé ìwọ̀n àyè kan. Wọ́n ní ìpín àwọn obìnrin tí èyí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ju ìlọ́po méjì ti àwọn ọkùnrin lọ, nítorí pé obìnrin ni ó pọ̀ nídìí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n sì fi kún un pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ẹ̀rọ yóò ràn lọ́wọ́ ju kí ó gbà á pátá lọ. Ní ìlú bí Ìwó, níbi tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, tí dátà wọ́n, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sì ń béèrè ìwé títẹ̀ tí a lu òǹtẹ̀ sí, ìyípadà náà lè falẹ̀ ju ti ìlú òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n ìfalẹ̀ kò sọ pé kò ní dé.

Ní tèmi, ọmọ iṣẹ́ ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Ọ̀gá tí ó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ ti mọ ìwé tí kọ́ọ̀tù ń gbà àti èyí tí ó ń kọ̀. Ṣùgbọ́n orí iṣẹ́ kéékèèké ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń kó ìwé ọlọ́wọ́ ìkọ̀wé burúkú fún un tẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ó sì ń ti ibẹ̀ mọ bí a ti ń pe ọba, bí a ti ń pe adájọ́, àti ibi tí déètì máa ń wà. Iṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbà. Ọmọbìnrin tí ó parí ilé ìwé gírámà, tí àwọn òbí rẹ̀ mú wá kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, lè wá lo gbogbo àkókò ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní yíyọ ìwé jáde láti inú fóònù oníbàárà, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí òmìnira láìmọ iṣẹ́. Bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rí bá sì ti ń kú lọ tí kò sí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ta ni yóò tú ìwé inú ọ̀rá opó náà wò?

Kì í tán nígbá osùn kí á má rí fi pa ọmọ lára, nítorí náà ọ̀nà ṣì wà. Èkíní ni pé kí atẹ̀wé kọ́ ẹ̀rọ náà, kí ó má sì bá a jà. Ẹni tí ó bá fi í ṣe iṣẹ́ ìka yóò ní àyè fún iṣẹ́ ẹ̀rí. Èkejì ni pé kí ó yí ọ̀nà ìdíyelé rẹ̀ padà, kí ó má máa ta iye ojú ìwé mọ́, kí ó máa ta yíyẹ ìwé wò, títò ó, títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ẹni tí yóò tẹ ìka sí i, àti àmì ohùn tí ó pé. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó pa àṣírí mọ́: nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà, nọ́ńbà báńkì rẹ̀ àti ọ̀ràn ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa bọ́ sínú ẹ̀rọ tí a kò mọ ibi tí ó ń kó o lọ. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó wà lọ́rùn àwọn ọ̀gá àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ni pé kí wọ́n tún ètò ìkọ́ṣẹ́ tò, kí ọmọ iṣẹ́ máa jókòó ti ọ̀gá nígbà tí ó bá ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, kí a máa fún un ní lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ pé kí ó wá àṣìṣe inú rẹ̀, kí ó má sì gba òmìnira títí yóò fi lè rí i.

Bí a bá tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, akọ̀wé Ìwó kò ní pọ̀ tó bí ó ti pọ̀ láyé tàípúráítà, nítorí ẹ̀rọ ti dín iṣẹ́ ìka kù, kò sì ní dá a padà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá kù yóò jẹ́ ojúlówó. Aláìmọ̀wé tí ó bá sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá yóò ṣì bá ẹnìkan tí yóò ka ìwé rẹ̀ sí i létí ní èdè rẹ̀, tí yóò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀ràn bá dé, ilé ẹni tí a óò kàn wà.